Àwọn Tí Ó La Ìjà Àkọ́kọ́ Já: Ìkójọpọ̀ Ẹgbẹ́ Ogun ní Adó àti Àárín Gbùngbùn Èkìtì ní Ọ̀rúndún Kọkàndínlógún

Nínú ìtàn àwọn ogun tí ilẹ̀ Èkìtì jà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ohun tí ó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu àwọn òpìtàn ni orúkọ àwọn akọni àti iye ọdún tí wọ́n fi wà lójú ogun, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ṣáájú orúkọ àti ọdún, èyí tí í ṣe ọgbọ́n tí ẹni tí kò tíì jagun rí fi ń bọ́ nínú ìjà àkọ́kọ́, àti irú àwọn ènìyàn tí ó gbọ́dọ̀ ti kó mọ́ra kí ìjà kejì tó dé. Ọ̀pọ̀ jagunjagun ni kò ní ìtàn kankan lónìí nítorí pé ìjà àkọ́kọ́ ni ó gbẹ̀mí wọn. Àwọn tí ìtàn dárúkọ, irú Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí, Adúlójú ti Adó àti Ògèdèǹgbé ti Iléṣà tí gbogbo Èkìtì fi ṣe olórí ogun, kò fi dandan gbójú ju àwọn tí ó kú lọ; bí a bá yẹ ìgbésí ayé wọn wò fínnífínní, a ó rí i pé ohun tí wọ́n ní ju àwọn yòókù lọ ni pé wọn kò dá wọ ìjà, àti pé nígbà tí ìjà kan bá lé wọn sẹ́yìn, wọ́n máa ń mọ ẹni tí ó kù tí ó yẹ kí wọ́n ránṣẹ́ sí.

Ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí kì í ṣe ilẹ̀ tí ìparapọ̀ rọrùn níbẹ̀. Láti Adó dé Ìyìn àti Ìgèdè, láti Arámọkọ dé Ìjerò, àti láti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè dé Òkè-Ìmẹ̀sí, òkè ló ń tẹ̀lé òkè, igbó sì ni ó wà láàárín wọn, débi pé ìlú méjì tí kò jìnnà síra wọn lè wà fún ìgbà pípẹ́ kí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan má kan èkejì. Ọba aládé ni ó wà lórí ìlú kọ̀ọ̀kan: Ewì ní Adó, Ajerò ní Ìjerò, Alárá ní Arámọkọ, Aláayè ní Ẹ̀fọ̀n, Ọ̀wá Ooyè ní Òkè-Ìmẹ̀sí, kò sì sí èyí tí ó ń gba àṣẹ lọ́wọ́ èkejì. Òkè ni ààbò àwọn ìlú wọ̀nyí. Ní Adó, àwọn òkúta ńlá bí i Olóta àti Ayọ́bà ni ó yí àwọn ènìyàn ká, ibi gíga bẹ́ẹ̀ sì dára fún alóre, ìyẹn ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ṣọ́ ọ̀nà kí ogun má bàa bá ìlú lójijì. Ohun tí ó ń dáàbò bo ìlú kọ̀ọ̀kan yìí kan náà ni ó ń yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn aládùúgbò rẹ̀, èyí sì ni àwọn ọ̀tá rí tí wọ́n fi ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí ogun ńlá tó dé, ìjà láàárín ìlú àti ìlú kì í sábà pẹ́. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń jà á, nígbà tí iṣẹ́ oko bá dínkù tí ọ̀nà sì gbẹ, ohun ìjà wọn sì ni idà, ọ̀kọ̀, kùmọ̀, ọrun àti ọfà tí wọ́n fi oró sí lẹ́nu. Ní Adó, àwọn olóyè tí iṣẹ́ ogun wà ní ìkáwọ́ wọn ni wọ́n ń pè ní ẹlẹ́gbẹ́, àwọn ni ó sì ń kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ìlú jáde nígbà tí Ewì àti àwọn ìjòyè bá ti fọwọ́ sí i pé ogun yá. Àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́, tí wọ́n jọ dàgbà, tí wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ ìlú, ni wọ́n jọ ń jà, nítorí náà ẹni tí ó ń lọ sójú ogun fún ìgbà àkọ́kọ́ mọ orúkọ ẹni tí ó wà lápá ọ̀tún rẹ̀ àti ti ẹni tí ó wà lápá òsì, ó sì mọ ẹni tí yóò sá àti ẹni tí kò ní sá. Ìmọ̀ yìí kò kéré rárá. Ṣùgbọ́n ètò bẹ́ẹ̀ bá ìjà ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì mu; kò bá ọ̀tá tí ó fi ogun ṣe iṣẹ́ òòjọ́ mu.

Irú ọ̀tá bẹ́ẹ̀ méjì ni ó dé. Èkíní ni Ìlọrin pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀, tí wọ́n yọ ìhà àríwá Èkìtì lẹ́nu púpọ̀ bí àwọn Nupe náà ti ṣe, tí ó fi jẹ́ pé àwọn tí ogun lé kúrò ní Ìyẹ̀ ni Ẹ̀ṣùbíyìí kó jọ tí ó fi tẹ ìlú Ayédé dó ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún náà. Ẹṣin kò wúlò tó bẹ́ẹ̀ láàárín igbó àti lórí òkè, nítorí náà àárín gbùngbùn Èkìtì rí ìsinmi díẹ̀ lọ́wọ́ Ìlọrin. Èkejì ni Ìbàdàn, tí kò gbẹ́kẹ̀ lé ẹṣin. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ti ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo ní nǹkan bí 1840, ìhà ìlà-oòrùn ṣí sílẹ̀ fún wọn, àwọn Èkìtì fúnra wọn sì wà lára àwọn tí ó ṣílẹ̀kùn náà, nítorí pé Alárá kan tí àwọn ènìyàn rẹ̀ lé kúrò lórí oyè ni ó sá lọ bẹ Ìbàdàn pé kí wọ́n wá dá òun padà. Láti ìgbà náà ni ìlú kan ti ń tẹ̀lé òmíràn wọ abẹ́ Ìbàdàn. Iléṣà ṣubú ní 1870, Adó náà sì rí ogun Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1870. Níbi tí Ìbàdàn bá ti borí, wọ́n á fi ajẹ́lẹ̀ síbẹ̀, ìyẹn aṣojú tí ń gba ìṣákọ́lẹ̀ tí ó sì ń wo ìlú fún olóyè kan ní Ìbàdàn tí wọ́n ń pè ní bàbákékeré, ẹni tí ìlú náà wà lábẹ́ rẹ̀.

Ohun tí ó yani lẹ́nu nínú ìtàn yìí ni pé Ìbàdàn tí ó ń fìyà jẹ Èkìtì náà ni ó kọ́ àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ní iṣẹ́ ogun. Ìlú tí àwọn jagunjagun tẹ̀ dó ni Ìbàdàn, kò sì béèrè ibi tí ènìyàn ti wá bí ó bá ti lè jà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n kó lẹ́rú, tàbí tí ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ láti wá orúkọ, lè wọ agboolé olóyè ogun kan, kí ó di ọmọ ogun rẹ̀, kí ó máa gba ìbọn àti etù lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì máa fún un ní ìpín nínú ohunkóhun tí ó bá kó bọ̀. Ògèdèǹgbé kọ́ iṣẹ́ náà báyìí lẹ́yìn tí wọ́n ti mú un lójú ogun, ọ̀pọ̀ nínú àwọn olórí ogun Èkìtì ìgbà náà ni ó sì gba irú ilé-ẹ̀kọ́ kan náà kọjá. Wọ́n mọ bí Ìbàdàn ti ń tò, wọ́n mọ bí ó ti ń bínú, wọ́n sì mọ ìgbà tí ó máa ń rẹ̀ ẹ́.

Nínú ètò yẹn, ọ̀nà tí ẹni tuntun gbà ń la ìjà àkọ́kọ́ já ṣe kedere. Kì í ṣe òun ni ó ń yan ibi tí yóò dúró sí. Ó kọ́kọ́ ń gbé etù àti ọta tẹ̀lé àwọn tí ó ti jà tẹ́lẹ̀, ó ń wo bí wọ́n ti ń fi òkúta àti ìdí igi ṣe ààbò, ó sì ń kọ́ bí a ti ń kì ìbọn ṣakabùlà, ìyẹn ìbọn tí a ń ti ẹnu rẹ̀ da etù sí, tí a ń fi ọ̀pá ki etù náà mọ́lẹ̀, kí a tó fi ọta tẹ̀lé e. Ìbọn yìí máa ń pẹ́ kí ó tó tún yìn, ẹni tí ó bá sì dá dúró láàárín ìgbà tí ó ń kì í kò yàtọ̀ sí ẹni tí kò ní ohun ìjà lọ́wọ́. Nítorí náà ni àwọn ọmọ ogun ṣe ń yìn ín ní ìpín-ìpín, tí àwọn kan ń bọ́ síwájú bí àwọn kan ti ń padà sẹ́yìn láti kì tiwọn. Ní Ìbàdàn, àwọn olóyè kékeré ni ó ń bẹ̀rẹ̀ ìjà, àwọn àgbà a sì máa wọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi kan Balógun fúnra rẹ̀, débi pé kí ọjọ́ tó kanrí, àwọn tí ó kéré jù ni wọ́n ti kọ́kọ́ fojú rí ikú. Ètò líle ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó gòkè nínú rẹ̀ tí kò mọ ohun tí ó ń ṣe.

Oògùn jẹ́ apá kan nínú ìgbaradì yìí tí òpìtàn kò gbọ́dọ̀ fò. Jagunjagun tí ó bá ní agbára láti ṣe é kì í jáde láìní òkígbẹ́, tí wọ́n gbà pé kì í jẹ́ kí irin ran ara, àti ayẹta, tí wọ́n gbà pé ó ń yẹ ọta sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ońdè àti ìfúnpá, àféèrí tí ń sọ ènìyàn di àìrí, àti egbé tí ń gbé olówó rẹ̀ kúrò níbi tí ọwọ́ fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ohun tí ó hàn gbangba láti ojú ìtàn ni pé oògùn kọ̀ọ̀kan ní èèwọ̀ tirẹ̀, èèwọ̀ náà sì ń kó àwọn ọmọ ogun níjàánu ní àwọn ọjọ́ tí ó ṣáájú ìjà: oúnjẹ báyìí ni kí wọ́n má jẹ, obìnrin ni kí wọ́n yàgò fún, ọ̀rọ̀ báyìí ni kí ẹnikẹ́ni má sọ. Yálà ọta yẹ̀ tàbí kò yẹ̀, ẹgbẹ́ tí ó pa èèwọ̀ pọ̀ fún ọjọ́ méje ti di ẹgbẹ́ tí ó gbọ́ra yé. Adáhunṣe tí ó ṣe oògùn náà, tí ó tún mọ ewé tí a fi ń wo ojú ọgbẹ́ sàn, kò ṣeé fi sílẹ̀ lẹ́yìn nígbà tí ẹgbẹ́ bá ń lọ, ipò rẹ̀ láàárín wọn kò sì rẹlẹ̀ sí ti ẹni tí ó gbé ìbọn.

Ní ọdún 1877, Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ìjà pẹ̀lú àwọn Ẹ̀gbá àti àwọn Ìjẹ̀bú lórí ọ̀nà tí ó lọ sí etíkun, àwọn méjèèjì sì dí ọ̀nà náà mọ́ ọn. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni Fábùnmi, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọba ní Òkè-Ìmẹ̀sí, pa Oyèpẹ̀tun, ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn tí ó wà ní ìlú rẹ̀, nítorí ìwà ìfìyàjẹni tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń hù. Ajẹ́lẹ̀ kan tí ó kú kò tó láti dá ogun ọdún mẹ́rìndínlógún sílẹ̀; ohun tí Fábùnmi ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni ó dá a sílẹ̀. Ó ránṣẹ́ yí ká ilẹ̀ Èkìtì pé kí olúkúlùkù ṣe ohun tí òun ti ṣe, àwọn ìlú sì dìde sí àwọn ajẹ́lẹ̀ tí ó wà láàárín wọn. Ìwà yìí ní ọgbọ́n nínú ju bí ó ti jọ lójú lọ, nítorí pé ìlú tí ó bá ti pa ajẹ́lẹ̀ tirẹ̀ kò tún ní ọ̀nà tí yóò fi bẹ Ìbàdàn, bí ó fẹ́ bí ó kọ̀, ó ti di ara ẹgbẹ́. Àwọn Ìjẹ̀ṣà àti àwọn ará Ìlá wọ̀ ọ́, Ìlọrin tí í ṣe ọ̀tá àtijọ́ náà sì wọ̀ ọ́ nítorí ìkórìíra tí ó ní sí Ìbàdàn. Ìparapọ̀ yìí ni ìtàn ń pè ní Èkìtìparapọ̀.

Ìjà àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ tuntun yìí jà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìkẹyìn rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878, wọ́n kó ogun ti Ìkìrun, ìlú tí ó wà lábẹ́ Ìbàdàn, Balógun Ìbàdàn, Àjàyí Ògbóríẹfọ̀n, sì jáde sí wọn. Iye wọn pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò pàgọ́ pọ̀: ibùdó Ìlọrin wà lọ́tọ̀, ti Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì wà lọ́tọ̀, ti Ìlá náà wà lọ́tọ̀, kò sì sí ẹnì kan tí gbogbo wọn jọ ń gbọ́ àṣẹ rẹ̀. Ògbóríẹfọ̀n kò bá gbogbo wọn jà lẹ́ẹ̀kan. Ó kọlu apá kan, ó tú u ká, ó sì yíjú sí èkejì kí ìyẹn tó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ti àkọ́kọ́. Àwọn tí ó ń sá lọ já sí odò Ọ̀tìn, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn sì kú sínú omi, èyí tí ó mú kí a máa pe ogun náà ní Jálumi títí di òní. Bí a bá fi ojú ẹni tí ó mọ ogun wò ó, àṣìṣe àwọn tí a ṣẹ́gun yìí kì í ṣe ojo rárá. Ogunlọ́gọ̀ ni wọ́n kó jọ, wọ́n rò pé ẹgbẹ́ ni wọ́n ní.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ìyàtọ̀ yìí, nítorí pé lítíréṣọ̀ Yorùbá ti fi hàn lọ́nà tí ó dára gan-an. Nígbà tí D. O. Fágúnwà tẹ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, kò rán Àkàrà-Ogún, akọni inú ìwé náà, lọ sí Òkè Láńgbòdó ní òun nìkan, kò sì kó àwọn ọdẹ mẹ́fà tí wọ́n jọra tẹ̀ lé e. Kàkò mọ ìjà, Ìmọ̀dóye ní ọgbọ́n, Ọlọ́hùn-iyọ̀ mọ orin àti ìlù, Ẹlẹ́gbèdè-ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko, Ẹ̀fọ̀ìyẹ̀ mọ ọfà ta, Àràmàǹdà-Ọkùnrin sì ní ara tí ó yàtọ̀ sí ti ènìyàn yòókù. Òkè-Igbó tí wọ́n bí Fágúnwà sí ní 1903 jẹ́ ìlú tí Dẹ́rìn Ọlọ́gbẹ́ńlá, ológun ọmọ Ifẹ̀, tẹ̀ dó ní àkókò àwọn ogun wọ̀nyí gan-an, nítorí náà kò yani lẹ́nu pé òǹkọ̀wé náà mọ bí a ti ń kó ẹgbẹ́ jọ. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Gary Gygax àti Dave Arneson, gbé eré Dungeons & Dragons jáde ní 1974, èyí tí àwọn eléré ń jókòó yí tábìlì ká láti fi ẹnu rìn ìrìn àjò àwọn akọni inú àlá, òfin kan náà ni wọ́n bá pàdé: akọni tuntun nínú eré náà kò ní ẹ̀mí púpọ̀, idà kan ṣoṣo lè pa á, nítorí náà ológun gbọ́dọ̀ bá onídán rìn, kí àlùfáà tí ń wo ọgbẹ́ sàn sì wà pẹ̀lú wọn, bí wọn kò bá fẹ́ parun ní yàrá àkọ́kọ́ tí wọ́n bá wọ̀. Àwọn tí wọ́n ń ṣe eré náà ń kọ́ ọ lórí tábìlì. Odò Ọ̀tìn ni Èkìtì ti kọ́ ọ.

Lẹ́yìn Jálumi ni iṣẹ́ gidi bẹ̀rẹ̀. Fábùnmi àti àwọn tí ó kù padà sí àwọn òkè tí ó wà láàárín Òkè-Ìmẹ̀sí àti Ìgbájọ, níbi tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ń jà fún wọn, wọ́n sì ránṣẹ́ sí ẹni tí wọ́n ti ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ògèdèǹgbé kò tètè jẹ́ ìpè náà. Ó wà ní Ìta-Ògbólú ní agbègbè Àkúrẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun tirẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tí àwọn Ìjẹ̀ṣà ń pè ní ìpàyè, tí ogun nìkan jẹ́ iṣẹ́ wọn, ó sì ti mọ Ìbàdàn dé ibi tí kò fi lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Nígbà tí ó wá dé, àwọn ọba fi í jẹ Séríkí, ìyẹn olórí gbogbo ọmọ ogun, Fábùnmi tí ó ti ń ṣe olórí tẹ́lẹ̀ sì bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí Èkìtìparapọ̀ ṣe, ìpinnu yìí ni ó tóbi jù. Ògèdèǹgbé kì í ṣe ọmọ Èkìtì, kì í ṣe ọba, ìbí rẹ̀ kò sì tó ti ọmọ ọba Òkè-Ìmẹ̀sí. Ohun tí ó ní ni pé ó mọ iṣẹ́ náà ju gbogbo wọn lọ, ó sì yani lẹ́nu pé àwọn ọba tí wọn kì í gbà kí ẹnì kan ṣáájú ẹnì kan gbà fún un.

Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn olórí ogun láti ìlú kọ̀ọ̀kan wà. Adúlójú kó àwọn ọmọ Adó wá, Ògúnmọ́dẹdé wà pẹ̀lú àwọn Ìjẹ̀ṣà, àwọn mìíràn sì wá láti Ìjerò, Ẹ̀fọ̀n, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó. Àwọn ọba fúnra wọn jókòó sílé ní púpọ̀ jù, iṣẹ́ wọn sì ni láti máa fi ènìyàn, oúnjẹ àti owó ránṣẹ́. Olórí ogun kọ̀ọ̀kan ni ó ń bọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó sì ń fún wọn ní etù, ẹni tí kò bá sì ní ohun tí yóò fún wọn kò ní rí wọn mọ́ bí ilẹ̀ bá mọ́. Ní abúlé àti ní ìlú, àwọn alamí ń lọ ń bọ̀, wọ́n ń mú ìròyìn wá nípa ibi tí Ìbàdàn ń gbà kó oúnjẹ àti ìgbà tí àwọn olóyè wọn bá ń bá ara wọn jà. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.

Ẹ̀ka kan nínú ẹgbẹ́ náà kò sí lójú ogun rárá. Ní Èkó, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí wọ́n ti kó lẹ́rú nígbà kan, tí àwọn kan nínú wọn padà láti Sàró, tí àwọn mìíràn padà láti Brazil, dá Ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀, wọ́n ń dá owó, wọ́n ń kọ̀wé sí gómìnà àwọn òyìnbó, wọ́n sì ń wá ìbọn. Philip Jose Meffre wà lára wọn, J. P. Haastrup náà wà lára wọn, ẹni tí ó padà wá jẹ Ọwá ní Iléṣà ní 1896 pẹ̀lú orúkọ Ajímọ̀kọ̀ Kìíní. Nítorí pé Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti dí ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn, ọ̀nà ìlà-oòrùn tí ó gba orí ọ̀sà kọjá sí Oǹdó, èyí tí ìjọba Èkó ti ràn lọ́wọ́ láti ṣí ní àwọn ọdún 1870, wá di ọ̀nà Èkìtì. Ojú ọ̀nà yìí ni ìbọn Snider gbà wọ ibùdó Ògèdèǹgbé, ìbọn tí a ń ti ìdí rẹ̀ fi ọta sí, tí kò béèrè ọ̀pá tàbí etù tí a ń dà, tí ọta rẹ̀ sì ń lọ jìnnà ju ti ṣakabùlà lọ fíìfíì. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ti kọ́ ọ ní Èkó tẹ̀ lé àwọn ìbọn náà lọ láti kọ́ àwọn yòókù. Ariwo àwọn ìbọn ńlá inú ogun yìí, bí ó ti ń dún láti òkè dé òkè, ni wọ́n ní ó fún ogun náà ní orúkọ rẹ̀, Kírìjì. Ìbàdàn tí ó ti ń lé Èkìtì láti òkè kan dé òkè kejì wá di ẹni tí ń fi ara pamọ́ sínú yàrà, ó sì pẹ́ kí ó tó rí díẹ̀ lára irú ìbọn bẹ́ẹ̀ rà.

Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, fúnra rẹ̀ wá sí ojú ogun Kírìjì, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá Ìbàdàn ń jà ní ojú ogun márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà: pẹ̀lú Èkìtìparapọ̀ ní Kírìjì, pẹ̀lú Ìlọrin ní Ọ̀fà, pẹ̀lú Ifẹ̀, pẹ̀lú Ìjẹ̀bú àti pẹ̀lú Ẹ̀gbá. Látòósà kú sí ibùdó ogun ní 1885. Àwọn ibùdó méjèèjì ti di ìlú nígbà náà, àwọn ènìyàn ti kọ́ ilé amọ̀ síbẹ̀, wọ́n ti ń dáko, àwọn obìnrin ń ná ọjà, àwọn ọmọ sì ń dàgbà tí wọn kò mọ ilé mìíràn.

Bí ẹgbẹ́ náà ti ń pẹ́ ni ó ń wọ́n sí i, iye owó rẹ̀ ni apá kan nínú ìtàn yìí tí àwọn tí ń kọrin akọni kì í fẹ́ dárúkọ. Ìbọn kò wá lọ́fẹ̀ẹ́, etù kò wá lọ́fẹ̀ẹ́, ohun tí ó sì rọrùn jù láti tà ní ìgbà náà ni ènìyàn. Nígbà tí ojú ogun bá dákẹ́ díẹ̀ ní Kírìjì, àwọn olórí ogun kan, Adúlójú wà lára wọn, a máa kó ọmọ ogun wọn lọ sí ìhà ìlà-oòrùn Èkìtì àti sí ilẹ̀ Àkókó, wọ́n á kó ìlú, wọ́n á kó ẹrú bọ̀. Bí ìtàn bá pe Adúlójú ní akọni Adó, kò purọ́. Bí ìlú tí ó kó bá sì pè é ní apanirun, òun náà kò purọ́. Ẹgbẹ́ tí a fi ọmọ ẹ̀yìn àti ìkógun kọ́ kò lè gbé láìjẹ ìkógun, ó sì jọ pé àwọn ọba tí wọ́n ń ránṣẹ́ pé kí olórí ogun wọn padà wálé mọ èyí dáadáa, nítorí pé wọn kò fi taratara fẹ́ kí gbogbo àwọn ọ̀dọ́ náà padà lẹ́ẹ̀kan.

Àwọn ìránṣẹ́ ìjọba Èkó, Àlùfáà Samuel Johnson àti Charles Phillips, ni wọ́n ń lọ ń bọ̀ láàárín àwọn ibùdó títí tí wọ́n fi fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886; ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni wọ́n kéde rẹ̀ ní Kírìjì. Ìwé náà gbà pé Èkìtì kò sí lábẹ́ Ìbàdàn mọ́, ó sì fi Ìgbájọ, Ọ̀tan, Ìrẹ̀sì àti Àdá sílẹ̀ fún Ìbàdàn, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí kò bá fẹ́ gbé níbẹ̀ lè kó lọ. Síbẹ̀ Ìlọrin kò fi Ọ̀fà sílẹ̀, nítorí náà àwọn jagunjagun kò túká pátápátá títí tí Gómìnà Gilbert Carter fi dé ní 1893 tí ó ní kí àwọn ibùdó túká.

Nígbà tí àlàáfíà dé tán, ẹni tí ó ní ọmọ ogun púpọ̀ jù ni ó ní wàhálà púpọ̀ jù. Àwọn ìpàyè tí ogun ti jẹ́ oúnjẹ wọn fún ọdún púpọ̀ kò mọ oko ro mọ́, wọ́n sì ń dààmú àwọn tí ń ná ọjà lójú ọ̀nà, débi pé ní 1894 Captain Bower, aṣojú ìjọba òyìnbó ní Ìbàdàn, mú Ògèdèǹgbé, ó sì gbé e lọ sí Ìwó. Ó padà sí Iléṣà lẹ́yìn náà, ó kọ̀ láti jẹ ọba, ó gba oyè Ọbańlá, ó sì gbé níbẹ̀ títí ó fi kú ní 1910. Ní nǹkan bí 1900 ni ìjọba òyìnbó kó àwọn ọba Èkìtì jọ sí ìpàdé kan tí wọ́n ń pè ní Pelúpelú ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ìlú Fábùnmi, kí wọ́n tó gbé olú-iṣẹ́ ìjọba ẹkùn náà lọ sí Adó ní 1913. Ọ̀rọ̀ ìlú àti ẹjọ́ ni wọ́n wá jókòó sí níbẹ̀, kò sì sí ọ̀tá kankan lójú ọ̀nà tí ń lé wọn mọ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ ta ni ó ga ju ta ni láàárín àwọn ọba, tí gbogbo wọn ti gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí wọ́n fi Ògèdèǹgbé ṣe olórí, tún jí padà, ó sì ti ń gbé àwọn ọba Èkìtì lọ sí iwájú ìgbìmọ̀ àti ilé-ẹjọ́ láti ìgbà náà.